Ìlẹ̀kẹ̀ Lórí Ìwé

Bàbá mi, Akíntẹ́rìnwá, gun òpó iná fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n
ní Òkè Àró, ní Ìṣìkàn, títí dé Ìgbàrà-Òkè.
Ó mọ wáyà bí ẹni mọ ọmọ ìyá rẹ̀:
èyí tí òjò ti bàjẹ́, èyí tí ẹyẹ ń bà lé,
èyí tó gbọ̀n ọ́n dànù lọ́jọ́ kan tí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀.

Mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ,
a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ìjọ̀kà, ẹ̀fọn ń yún wa létí,
pé irin kan wà, tí òtútù bá mú un dé góńgó,
iná á gba inú rẹ̀ kọjá láìsan owó ibodè.
Ó ní, "Irọ́ ni. Kò sí wáyà tí kì í jẹ nínú ohun tó ń gbé.
Alágbàtà ni gbogbo wọn."
Mo ní, "Bàbá, ẹ dúró. Ẹ ya irin náà sí méjì,
ẹ fi àlàfo tó tín-ín-rín ju awọ àlùbọ́sà lọ sáàárín wọn.
Iná á fò ó."
Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó bèèrè, "Ta ló gun òpó lọ wò ó?"

Èmi kò gun òpó. Ìwé ni mo gùn.
Lórí ìwé, gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà kan ṣoṣo lọ:
ọwọ́ aago kan tó ń yí,
àti ẹnì kan tó ń tì í, tó tún ń fà á,
láìyẹsẹ̀, láìsinmi.
Nígbà míì ọwọ́ náà á máa ṣe bó ṣe wù ú.
Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, á gbà fún ẹni tó ń tì í:
ìtì kan, àyípo kan; ìtì kan, àyípo méjì; mẹ́ta.
Kì í ṣe méjì ààbọ̀ láéláé.
Àwọn tó ṣáájú wa ti fìdí èyí múlẹ̀,
síbẹ̀ ó máa ń yà mí lẹ́nu lóru.

Mo ya àwòrán ibi tí ọwọ́ náà ti ń gbọ́ràn,
mo fi aró kùn ún. Ó jáde bí ìlẹ̀kẹ̀:
ibì kan wú, ibì kan fún mọ́ra bí ìbàdí agbọ́n
títí kò fi ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ,
ó tún wú, ó tún fún, ó ń lọ sókè, kò lópin.
Ìyá mi rí i lórí tábìlì. "Bèbè ta lò ń sín?"

Ìbéèrè tí mo gbé sùn, tí mo gbé jí nìyí:
bí ẹni tó ń tì í bá ń falẹ̀, tó ń falẹ̀,
tí ìtì kan jìnnà sí èkejì bí ọjọ́ ọjà sí ọjọ́ ọjà,
tó kù díẹ̀ kó dúró,
kí ni ìlẹ̀kẹ̀ náà yóò dà?
Ṣé ẹyọ yóò fún mọ́ ẹyọ, àbí okùn ni yóò já?
N kò mọ̀. N kò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n dé ìdí.
Kọ̀ǹpútà mi á yà á dé ibì kan, á gbóná, á kú.

Ní ìrọ̀lẹ́ a máa ń rìn dé afárá Odò Àlá, èmi àti Bàbá.
Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún,
ìgbésẹ̀ rẹ̀ kan, ìgbésẹ̀ mi mẹ́ta;
n kì í gbẹ́yìn, n kì í ṣáájú.
Nísinsìnyí ọ̀pá rẹ̀ ló ń ka àkókò fún wa.
Ọ̀pá kan ilẹ̀, ọkàn mi lù lẹ́ẹ̀mẹrin.
Ọ̀pá kan ilẹ̀. Márùn-ún.
Lánàá, níwájú ilé epo, mo ka méje
kí ọ̀pá tó tún kan ilẹ̀.

Ó dúró, ó ń wo wáyà kan tó rọ̀ lórí òpó.
Ó ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ wáyà á so."
Ó ní, "Ìṣirò tìrẹ yẹn ńkọ́? Ṣó ti já?"
Mo ní rárá. Mo ní ibi tó ti ń falẹ̀ ló ti le jù.
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé ọ̀pá sókè,
mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.